Ohùn méjì, gìtá méjì: bí olórin fóòkù kan ní Nashville ṣe di onílé iṣẹ́ ara rẹ̀

Ọdún 1992 ni obìnrin olórin kan kó dé Nashville, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Onígìtá kan tí wọ́n jọ pàdé ní Berklee, ilé-ẹ̀kọ́ orin tó wà ní Boston, náà kó débẹ̀. Wọn ò ní onílù, wọn ò ní oníbáàsì. Ohùn méjì àti gìtá méjì ni gbogbo ẹrù wọn, pẹ̀lú àwọn orin tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú ìlú tí rédíò rẹ̀ ń fẹ́ ìlù ńlá àti gìtá oníná. Àkọsílẹ̀ yìí tọ ipasẹ̀ wọn láti ìgbà náà títí di 2025. A ò dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe oríkì wọn la fẹ́ kì. Ohun tí a fẹ́ tú wò ni bí irú ohùn tí wọ́n yàn ṣe di ohun tó gbà wọ́n láyè láti ní ilé-iṣẹ́, téèpù àti sítúdíò tiwọn.

Ìṣòro méjì ló wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé orin tí wọ́n yàn ti kúrò lójú ọjà tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bíi Delmore Brothers, Monroe Brothers àti Blue Sky Boys máa ń kọrin ní méjìméjì: ọ̀kan á lé, ìkejì á gbé ohùn òkè lé e, gìtá tàbí máńdólíìnì á máa bá wọn lọ. Stanley Brothers àti Louvin Brothers gbà á lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlù àti iná wọlé, tí irú orin bẹ́ẹ̀ sì di ti àwọn tó ń ṣa àwo àtijọ́ jọ.

Ìṣòro kejì ni ibi tí obìnrin náà ti wá. New York ni wọ́n bí i sí, Los Angeles ló dàgbà sí, àwọn òbí rẹ̀ sì ń kọ orin fún ètò àwàdà tẹlifíṣọ̀n. Orí àwo ló ti gbọ́ Stanley Brothers nígbà tó wà ní yunifásítì ní Santa Cruz, California. Síbẹ̀, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin rẹ̀ ni ọmọ òrukàn, ẹni tó ń pọn ọtí lábẹ́lẹ̀, àti òṣìṣẹ́ kòtò ìwakùsà. Nígbà tí àwo àkọ́kọ́ jáde, àwọn òǹkọ̀wé orin kan béèrè pé kí ni ọmọ Los Angeles mọ̀ nípa ìṣẹ́ orí òkè Appalachia. Nínú orin fóòkù, ẹ̀sùn yìí wúwo ju pé ohùn ẹni kò dára lọ, torí pé òtítọ́ ni àwọn tó ń ra irú orin bẹ́ẹ̀ gbà pé àwọn ń fowó rà.

Bí ohùn náà ṣe dúró

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí igi àti okùn. Gìtá obìnrin náà ni Gibson J-50 ti ọdún 1956. Ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ, ikùn rẹ̀ gbòòrò, báàsì rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó kú. Ọ̀nà tó ń gbà ta á rọrùn láti ṣàlàyé, kò rọrùn láti ṣe láìsáré: pík á kan okùn báàsì, á gbá àwọn okùn yòókù, á kan báàsì mìíràn, á tún gbá. Ìyẹn ló rọ́pò onílù àti oníbáàsì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sáré díẹ̀, kò sí ẹni tó máa fà á padà.

Ti ọkùnrin náà ni Epiphone Olympic ti ọdún 1935, gìtá tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù nínú ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń tà nígbà náà. Ojú rẹ̀ yọ bí ikùn fáyólíìnì, ihò rẹ̀ sì jọ ti fáyólíìnì. Irú gìtá bẹ́ẹ̀ kì í ní báàsì púpọ̀. Ohùn rẹ̀ máa ń jáde kíákíá, á tètè kú, agbára rẹ̀ sì wà láàárín. Ẹni tó bá dá a ta nínú yàrá lè máa rò pé kò dùn tó. Àmọ́ tí ẹ bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ J-50, kò sí ibi tí àwọn méjèèjì ti ń jà: ọ̀kan gba ìsàlẹ̀, ìkejì gba àárín àti òkè, gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà sì ń gbọ́ ketekete láàárín wọn. Ọ̀pọ̀ gìtá méjì tó ń bára wọn ṣeré ló ń kùnà níbí. Wọ́n á ra gìtá olówó ńlá méjì tó jọra, ìlànà ọwọ́ kan náà, kọ́ọ̀dù kan náà, lójú ibì kan náà lórí ọrùn gìtá, ohùn á wá dì pọ̀. Ó kéré tán, kí ẹnì kan fi kápò, ìdè tí wọ́n ń fi há gbogbo okùn mọ́ ọrùn gìtá, sókè kó lè ta kọ́ọ̀dù mìíràn nínú kíì (ìpele ohùn) kan náà. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹnì kan bá ń ta kọ́ọ̀dù G láìsí kápò, èkejì lè fi kápò sí fúrẹ́ẹ̀tì (ìlà irin orí ọrùn gìtá) karùn-ún kó máa ta bí ẹni pé D ni. Kíì ò yí padà, ohùn á sì pín.

Ohun tó mú kí àwọn olórin mìíràn máa wo ọwọ́ ọkùnrin náà ni àwọn nọ́ọ̀tì tó ń yàn. G, B àti D ni kọ́ọ̀dù G. Onígìtá tó ń tẹ̀ lé olórin máa ń sinmi lórí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí. Òun á lọ sórí A, tàbí C, tàbí E, á sì dúró síbẹ̀ pẹ́ ju bí etí ṣe retí lọ kó tó tú u. Ohùn ègbè rẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rìn ní nọ́ọ̀tì kẹta lókè ohùn obìnrin náà bíi tẹnọ̀ inú kúáyà. Nígbà mìíràn á mú nọ́ọ̀tì kan dání nígbà tí ohùn aṣíwájú ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìrora inú orin náà ti ń wá, kì í ṣe nínú ọ̀rọ̀ nìkan. Ó sì gba kí orin náà falẹ̀. Bí ẹ bá sáré orin bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀tì tó yẹ kó mú etí dúró á kọjá bí àṣìṣe.

Lórí ìtàgé, wọn kì í fi píkọ́ọ̀pù oníná sínú gìtá. Máìkì ló ń gbọ́ igi náà. Èrè rẹ̀ hàn, ewu rẹ̀ náà kò pamọ́: bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ìgbóhùn tó wà níwájú ẹsẹ̀ olórin sókè jù, máìkì á máa hú, bí ẹ bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn á sá lọ. Ìwọ̀n láàárín gìtá méjèèjì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta á ju ti ẹni tó jókòó nídìí ẹ̀rọ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń wò wọ́n lè pè é ní ìfẹ́. Ká sòótọ́, etí ló fà á jù.

Àwo méjì àkọ́kọ́

Kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí akọrin ni ọ̀nà kọ́kọ́ ṣí fún un. Ìwé àdéhùn àwọn tó ń kọ orin fún ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí, Emmylou Harris sì kọ ọ̀kan nínú àwọn orin rẹ̀ sórí àwo ní 1995. Ní 1996 ni àwo tirẹ̀ jáde, T Bone Burnett ló darí iṣẹ́ náà nínú sítúdíò. Burnett pe àwọn àgbà ọ̀jẹ̀: James Burton tó ti ta gìtá fún Elvis wà níbẹ̀, Roy Huskey Jr. wà nídìí báàsì. Àwo náà dé orí àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n dá lábàá fún ẹ̀bùn Grammy ti orin fóòkù òde òní. Bruce Springsteen ló gbà á lọ.

Lórí àwo kejì, ní 1998, wọ́n bọ́ aṣọ kúrò lára orin náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn méjèèjì nìkan, obìnrin náà sì ti ń ta bánjò ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní clawhammer: èékánná á gbá okùn lọ sísàlẹ̀, àtàǹpàkò á mú okùn karùn-ún tó kúrú. (Ohun èlò yìí gan-an, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà ló ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú irú akèrègbè olókùn tí wọ́n mọ̀ nílé; àwọn Jola ní Senegal àti Gambia ṣì ń ta akonting, ìgbá-sísàlẹ̀ ọwọ́ wọn sì jọ ti clawhammer gan-an. Ẹni tó bá ń bi ọmọ Los Angeles léèrè ẹni tó ni orin òkè Appalachia yẹ kó bi bánjò náà.)

Ìyípadà: 2000 sí 2002

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ léra. Obìnrin náà bá Burnett ṣiṣẹ́ lórí orin inú fíìmù kan tó jáde ní 2000, ó kọrin níbẹ̀, ó sì jẹ́ igbákejì olùdarí iṣẹ́ náà. Àwo náà tà ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù, ó sì gba Grammy àwo tó dára jù lọ ní ọdún 2002. Orin tí rédíò ò fẹ́ wá di ohun tí gbogbo ilé ń gbọ́. Lákòókò yẹn kan náà, àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó gbé àwo rẹ̀ méjì jáde ta ilé-iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó ti rí irú èyí rí mọ bó ṣe máa ń parí: àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ á lọ, orúkọ rẹ á di ìlà kan lórí ìwé ẹni tí kò gbọ́ orin rẹ rí.

Dípò kí wọ́n dúró wo bí á ṣe rí, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 2001. Àwo méjì àkọ́kọ́ náà tún jáde lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí. Wọ́n ya sítúdíò B ti RCA ní Nashville lò fún ẹ̀kẹta, ilé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ ní 1957. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nínú iṣẹ́. Nígbà tí ènìyàn méjì bá jókòó dojú kọra, tí máìkì gìtá ń gbọ́ ohùn, tí máìkì ohùn ń gbọ́ gìtá, gààrí ti bọ́ sómi: ẹ ò lè yọ nọ́ọ̀tì kan tí kò dáa kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ máa gba orin náà látòkè délẹ̀ ni, bí kò bá dáa, ẹ tún un gbà látòkè. Téèpù náà sì ní ìwọ̀n. Róòlù tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,500 máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 33 bí ẹ bá sáré e ní íǹṣì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá sáré e ní íǹṣì 30, tí ariwo téèpù á fi dínkù, ìṣẹ́jú 16 àti díẹ̀ ló kù. Orin tó parí àwo náà lé ní ìṣẹ́jú 14. Kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó máa fẹ́ ẹ lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Owó orin gígùn náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní 2001, òfin Amẹ́ríkà sọ pé sẹ́ǹtì 7.55 ni kí wọ́n san fún ẹni tó kọ orin lórí àwo kọ̀ọ̀kan, tàbí sẹ́ǹtì 1.45 fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, èyíkéyìí tó bá pọ̀ jù. Orin ìṣẹ́jú 14 àti díẹ̀ á di 15: sẹ́ǹtì 21.75. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù sábà máa ń ní ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan tó sọ pé orin tí akọrin bá kọ fúnra rẹ̀, ìdá 75 nínú 100 iye tó kéré jù ni wọ́n máa san lé e, bó ti wù kó gùn tó. Sẹ́ǹtì 5.66 nìyẹn, dípò 21.75. Ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ kì í kọ irú ẹsẹ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lòdì sí ara rẹ̀.

Lórí àwo yìí náà ni ẹ̀sùn Los Angeles ti rí ìdáhùn. Ó kọ orin nípa ọjọ́ 14 oṣù kẹrin: ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn fún Lincoln ní 1865, tí ọkọ̀ Titanic kọlu yìnyín ní 1912, tí ìjì eruku bo ilẹ̀ àárín Amẹ́ríkà ní 1935. Àárín gbogbo rẹ̀ ló fi eré àwọn bándì kékeré kan sí, àwọn ọ̀dọ́ tí kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Kò díbọ́n mọ́ pé ìgbà àtijọ́ lòun ń gbé. Ó mú ayé tirẹ̀ wọ inú ìlànà àtijọ́, ẹ̀sùn náà sì sọ agbára nù. Lójú wa, ìpinnu yìí ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ ró ju fíìmù lọ.

Láàárín àkókò yìí ni wọ́n tún ra sítúdíò Woodland ní ìlà-oòrùn Nashville, èyí tó ti wà láti 1967. Ìdè kan ṣoṣo ló kù, àdéhùn ilé-iṣẹ́ tó ń mójú tó orin kíkọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í parí nítorí pé ọdún pé. Iye orin tí ẹ ṣèlérí ló gbọ́dọ̀ pé. Ní oṣù kejìlá 2002, wọ́n jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì gba orin 48 sórí téèpù láti fi pa gbèsè náà. Àwọn orin yẹn wà nínú àpótí fún ọdún mẹ́tàdínlógún.

Ọdún mẹ́jọ tí kò sí àwo

Àwo 2003 yàtọ̀: ìlù, báàsì, dóbúrò (gìtá tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀) àti fáyólíìnì wọ inú rẹ̀. Ó ní orin tó dára, àmọ́ ohun tó jẹ́ kí etí dúró, àlàfo láàárín gìtá méjèèjì, ti kún. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí àwo mìíràn lórúkọ obìnrin náà títí di 2011. Kì í ṣe pé wọn ò kọrin. Wọ́n ń rìnrìn àjò, wọ́n gbé àwo kan jáde lórúkọ ọkùnrin náà ní 2009, wọ́n ń ràn àwọn mìíràn lọ́wọ́. Orin tí wọ́n ń kọ ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ilé-iṣẹ́ tó gba owó ẹlòmíràn ò lè fara da ọdún mẹ́jọ bẹ́ẹ̀. Ìdí tí àwọn yìí fi lè fara dà á ni pé ìnáwó wọn kéré. Ènìyàn méjì ló ń rìn, ọkọ̀ tí wọ́n fúnra wọn ń wà lè gbé wọn, kò sí owó oṣù onílù. Àwọn àwo àtijọ́ sì ń mówó wọlé, odindi. Nígbà tí àwo 2011 dé, orin mẹ́wàá, àwọn méjèèjì nìkan, ìgbìmọ̀ Grammy dá a lábàá fún fóòkù àti fún iṣẹ́ ìgbóhùn.

Ohun kan tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa kùn ni pé àwo náà ò jáde lórí fáínì, àwo ike tí abẹ́rẹ́ ń kọ, àfi ní 2017. Orin jẹ́jẹ́ ni fáínì máa ń fìyà jẹ jù: gbogbo èérún kékeré tó wà nínú ìlà àwo ló ń gbọ́ nígbà tí kò sí ìlù tó máa bò ó. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí ń gé àwo, wọ́n sì ń gé e fúnra wọn. Kò yẹ kí ojú kan kọjá nǹkan bí ìṣẹ́jú 22, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa dín ohùn kù kí ìlà lè gba ara wọn. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sún mọ́ àárín, ohùn òkè ń dínkù, nítorí náà orin tí ohùn rẹ̀ mú jù kì í gbẹ̀yìn. Tí ẹ bá gé láàkì, àwo rírọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ń gé, tán, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó máa fi fàdákà bò ó.

Ìjì 2020

Lóru ọjọ́ kẹta oṣù kẹta 2020, ìjì tóńádò gba ìlà-oòrùn Nashville kọjá, ó sì ká òrùlé Woodland. Òjò wọlé. Nínú òkùnkùn òru yẹn ni wọ́n ti ń kó téèpù àti gìtá kúrò lábẹ́ omi. Wọ́n rí i kó jáde.

Ẹni tó bá rò pé téèpù ì bá ti sàn jù lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, kó rántí pé ilé ìkó-téèpù irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan jóná ní Hollywood ní 2008, tó sì pẹ́ kí ọ̀pọ̀ olórin tó mọ̀ pé tàwọn wà níbẹ̀.

Kíákíá ni àpótí 2002 ṣí. Orin 48 náà jáde ní apá mẹ́ta lọ́dún yẹn. Nígbà tí kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, àwọn méjèèjì jókòó nínú ilé, wọ́n gba orin mẹ́wàá tí kì í ṣe tuntun sórí téèpù, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù keje. Ó gba Grammy àwo fóòkù ní 2021. Àwo tí wọ́n fi orúkọ sítúdíò náà pè, lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́, jáde ní 2024, ó sì gba ẹ̀bùn kan náà ní 2025.

Fún àwọn tó wà nídìí iṣẹ́

Téèpù ni ká fi ṣáájú. Ẹ gbé e dúró lórí etí rẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀, ní yàrá tútù gbígbẹ tí òtútù rẹ̀ kì í yí padà, kúrò lábẹ́ òrùlé àti lábẹ́ páìpù omi. Ẹ fi ìparí róòlù síta nígbà tí ẹ bá ń ká a, kí ohùn tó bá yọ láti ìpele kan sí èkejì lè jáde lẹ́yìn orin dípò kó ṣáájú rẹ̀. Bí téèpù àwọn ọdún 1970 tàbí 1980 bá ń lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ mọ́: yíyan ní nǹkan bí digírì 54 (Celsius) fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló máa ń gbà kẹ́ ẹ tó lè dà á kọ. Ẹ̀dà kejì gbọ́dọ̀ wà ní ilé mìíràn.

Ti owó: ẹ̀tọ́ orin àti ẹ̀tọ́ ohùn tó wà lórí téèpù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Lórí rédíò íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, SoundExchange, àjọ tó ń gba owó náà, ń pín owó ohùn báyìí: ìdá 50 fún ẹni tó ni téèpù, 45 fún akọrin, 5 fún àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Akọrin tó ni téèpù tirẹ̀ ń gba 95. Owó orin kíkọ lórí àwo tàbí ohun tí wọ́n rà gbà sílẹ̀ dúró sí sẹ́ǹtì 9.1 láti 2006 títí di òpin 2022. Ó di 12 ní 2023, nítorí náà ìwé àdéhùn àtijọ́ tó kọ sẹ́ǹtì 9.1 ní nọ́ńbà dípò «iye tí òfin bá sọ» ń pa ẹni lára lójoojúmọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wá ẹsẹ ọ̀rọ̀ tó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ta ilé-iṣẹ́ náà. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́.

Ẹni tó ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ náà ṣì ní àyè. Òfin ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, abala 203, gbà kí ẹni tó kọ orin gba ẹ̀tọ́ tó ti fún ẹlòmíràn padà lẹ́yìn ọdún 35, bó bá fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ ní ọdún méjì ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá ó pọ̀ jù, ṣáájú ọjọ́ tó fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ Amẹ́ríkà nìkan ló ń padà. Ti ìlú mìíràn ń dúró síbi tó wà. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ náà jẹ́ ọdún márùn-ún. Fún àdéhùn lásán tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1996, 2031 ni ẹ̀tọ́ náà lè kọ́kọ́ padà, ẹni tó bá sì fẹ́ kó padà lọ́jọ́ tó pé gan-an gbọ́dọ̀ ti fi ìwé náà ránṣẹ́ kí ọjọ́ náà ní 2029 tó pé.